Bí A Ṣe Ń Mọ Kamen Rider Tó Jọ Bàbá Rẹ̀

Bí Toei, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe eré ní Japan, bá ti gbé Kamen Rider tuntun jáde báyìí, ìyẹn eré tẹlifíṣọ̀n nípa akọni tó ń fi ìgbànú yí ara padà, ariyanjiyan á bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnì kan á ní alùpùpù rẹ̀ dà? Ẹlòmíì á ní kí ni súìtì ń wá nínú ìgbànú akọni? Ọ̀nà tí èmi ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun náà jọ ti àkọ́kọ́ rèé. Ẹ bá mi lò ó kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìpín kìíní eré tí Shotaro Ishinomori dá sílẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan ní April 3, 1971. Ẹ má sáré dé ibi ìjà. Ẹ wo Takeshi Hongo, Rider àkọ́kọ́, lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Àwọn Shocker, ẹgbẹ́ ìkà inú eré náà, ti jí i gbé, wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe bíi ti tata, ó ku kí wọ́n yí ọpọlọ rẹ̀ padà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Midorikawa bá a wá ọ̀nà sá. Kò pẹ́, wọ́n pa ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Ruriko ọmọ rẹ̀ bá Hongo lórí òkú, ó sì gbà pé Hongo ló pa á. Ẹ dá eré dúró níbẹ̀. Agbára tí ọmọkùnrin yìí ní, ọwọ́ ọ̀tá ló ti wá, wọn ò bi í kí wọ́n tó fi í sí i lára, kò sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ mọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ nìyẹn. Òun ni kí ẹ máa wá nínú èyí tó bá jáde lónìí.

Ẹ má fi igbe "henshin" (ìyípadà) tí Rider máa ń ké àti bó ṣe ń ju ọwọ́ dájọ́ o. Hongo kò fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí Hiroshi Fujioka tó ń ṣe Hongo já bọ́ lórí alùpùpù, tó kán lẹ́sẹ̀, ni wọ́n mú Hayato Ichimonji, Rider kejì, wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi aṣọ náà dá a. Zero-One ti 2019 gbé àwòrán tata wọ̀, ojú rẹ̀ jọ ti àtijọ́ gan-an, ṣùgbọ́n Aruto, akọni eré náà, di Rider nítorí pé ó jogún ipò ààrẹ ilé iṣẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ara Aruto ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ wá wo Gavv ti 2024, tí gbogbo èèyàn ń pè ní eré súìtì. Shouma, akọni rẹ̀, ní ẹnu sí ikùn nítorí pé Granute, ẹ̀dá abàmì láti ayé mìíràn, ni bàbá rẹ̀, ènìyàn sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé bàbá rẹ̀ gan-an ló ń jí ènìyàn gbé láti fi wọ́n ṣe oúnjẹ aládùn, ọwọ́ wọn ló ti sá. Tí ó bá jẹ súìtì, ẹ̀dá kékeré á jáde látinú ikùn yẹn, òun ló fi ń jà. Hanto ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹni tó fi ẹ̀yà ara Granute sí i nínú. Tábìlì iṣẹ́ abẹ ti 1971 rèé! Lójú tèmi, Gavv sún mọ́ Hongo ju Zero-One lọ fíìfíì.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi Kuuga ti 2000 wọ̀n ọ́n. Ẹ wá ibi tí dókítà Tsubaki ti ń fi àwòrán X-ray han Godai, akọni eré náà: ìgbànú ti wọ inú ara rẹ̀ lọ, ó ń ta gbòǹgbò káàkiri. Dókítà sọ fún un pé ó lè di ohun ìjà lásán, bíi ti àwọn tó ń bá jà.

Ní ti alùpùpù, èmi kì í jẹ́ kó gba àkókò mi. Ọkọ̀ ni Drive ti 2014 ń wà, síbẹ̀ gbòǹgbò yẹn wà níbẹ̀: ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tó wà nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà ló ń sọ̀rọ̀ látinú ìgbànú rẹ̀.