Bẹ́ ẹ ṣe lè lọ wo ẹyẹ arìnrìn-àjò tí kì í wọ́pọ̀

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ balẹ̀ síbì kan, ẹ má fi falẹ̀ o, torí alẹ́ lọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fò, tójú ọ̀run bá mọ́ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ síbi tí wọ́n ń lọ, ilẹ̀ á mọ́ ẹ ò ní bá a mọ́. Ẹ wo eBird lórí fóònù (áàpù táwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sí), ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wò. Tójò bá rọ̀ mọ́jú, inú tèmi máa ń dùn ni (ẹ pè mí níkà), ìyẹn ló ń dá wọn dúró.

Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán, irú 8x42 (tó ń fa nǹkan súnmọ́ nígbà mẹ́jọ, tí dígí iwájú ẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 42), ti tó, èyí tó bá ń fa nǹkan súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń gbọ̀n lọ́wọ́. Ẹ débẹ̀ ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ máa wá ewé tó ń mì nígbà tí atẹ́gùn ò fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ má gbójú kúrò, ẹ kàn gbé awò wá bá ojú, àyà yín á máa lù kìkì, ẹ ṣáà rọra mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ láti fi tàn án o, ó ti rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 2022, bar-tailed godwit (irú ẹyẹ etí òkun kan) kan tí ò ju ọmọ oṣù márùn-ún lọ fò láti Alaska ní Amẹ́ríkà dé Tasmania ní Ọsirélíà láìbalẹ̀ rárá, nǹkan bíi kìlómítà 13,560, ọjọ́ 11 gbáko! Tó bá ń jẹun, ẹ jẹ́ ó jẹun.