Bí mo ṣe ṣe àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn olùkọ́ Yorùbá wa ní Kubwa

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa, l'Abuja, pinnu láti yẹ́ àwọn àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní ọjọọjọ́ Sátidé sí. Iṣẹ́ àmì-ẹ̀yẹ náà já lé mi lọ́wọ́, torí iṣẹ́ yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Àwọn kan ní kí n ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní ọjà Wuse, kí n lẹ orúkọ mọ́ ọn. Mo kọ̀. Ẹni tó ń jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ kí èdè má bàa parẹ́ lẹ́nu wọn, ife oníke tí wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni kò tọ́ sí i.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ mú, kí n tó ronú kan igi tàbí idẹ. Mo pe ilé kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n fi orúkọ àti oyè ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó hàn. Mo fi àmì ohùn sí i, mo sì dá a padà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Olùkọ́ Yorùbá kọ́ ni a ó fún ní orúkọ tí kò lámì!

Ibẹ̀ gba sùúrù. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà náà lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò bá mọ bó ṣe ń gbé e, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí àárín orúkọ àgbàlagbà. Orúkọ tó parí sí “kẹ́” ni mo fi dán wọn wò. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kùnà. Charis SIL yege, Noto Serif náà yege. Mo mú Charis torí pé ìlà rẹ̀ kì í tẹ́ẹ́rẹ́ jù, mi ò sì gbà kí orúkọ kéré débi tí àmì ìsàlẹ̀ á fi sọnù. Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo lẹ́tà di ìlà àwòrán nínú CorelDRAW, ètò tí mo fi ń ya àwòrán, kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn má bàa fi fọ́ǹtì tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Gángan ni mo fi ṣe ìrísí rẹ̀. Ìlù tó ń sọ Yorùbá ló bá wọn mu. Bàbá alága fẹ́ kó ga dé orókùn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ife àgbáyé FIFA tí wọ́n ń gbà láti 1974, sẹ̀ǹtímítà 36.8 péré ni, ọwọ́ kan sì ni wọ́n fi ń gbé e sókè. Àwọn àgbà wa náà gbọ́dọ̀ lè gbé tiwọn.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bá a lọ. A fi í sí sẹ̀ǹtímítà 25.

Ọjà pákó Dei-Dei ni mo ti ra igi apá, tí àwọn Hausa ń pè ní kawo. Àwọn agbẹ́lù wa mọ̀ ọ́n dáadáa, kì í sì í sún kì bí igi mìíràn nígbà tí ọyẹ́ Abuja bá dé. Pákó tó ti gbẹ dénú ni kí ẹ rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò là. Ọ̀gá kan ní Kugbo ló bá mi yí i lórí ẹ̀rọ. A dín ìbàdí rẹ̀ kù bí ti gángan, ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ inú ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ìwúwo lè wà nísàlẹ̀, kó má bàa ṣubú. Onílù kan, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé Nyanya, ló ta ọsán, okùn awọ ìlù, sí i lára. Ó tú èyí àkọ́kọ́, ó tún un ta. Ó ní ọsán tó dẹ̀, ojú àgbà á rí i. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Idẹ ìdí rẹ̀ wá láti Bida, lọ́dọ̀ àwọn Tápà tó ń lu idẹ láti ìran dé ìran. Mo ní kí wọ́n fi ojú òòlù sílẹ̀ ní etí rẹ̀, kí àárín nìkan dán fún orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ fín orúkọ sára idẹ, kó kọ́kọ́ béèrè irú lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ líle gé nǹkan tàbí fín in, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lésà CO2 ń gé akírílíìkì àti igi dáadáa, ṣùgbọ́n idẹ tí a kò kun nǹkan kan ń ta iná rẹ̀ padà ni. Ìgbì iná lésà fíbà kúrú ju tiyẹn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá, idẹ sì ń gbà á. Èyí ni mo wá kiri títí mo fi rí i ní Wuse 2. A kọ́kọ́ fín orúkọ kan sára àjákù idẹ, mo fi gíláàsì asọnǹkandi-ńlá wo gbogbo àmì rẹ̀ kí a tó kan ojúlówó.

Mo kun idẹ ní fáníìṣì tí kò láwọ̀ kó má bàa dúdú, mo sì fi ìdè kéékèèké dè é mọ́ igi dípò gọ́ọ̀mù, torí pé ẹni tó bá joyè tuntun lè pààrọ̀ tirẹ̀. Fáìlì àti fọ́ǹtì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́.