Bójú mi ṣe dá ẹsẹ̀ mi dúró

Ẹ̀yìn ríro ló bá mi dé ìdí yoga o, eré ìdárayá tí wọ́n fi ń nara tí wọ́n fi ń mí. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ìtòkú, àtàárọ̀ la máa ń wà lórí àpótí, tí n bá wá fẹ́ dìde ká aṣọ báyìí, ẹ̀yìn á ní kí n rọra. Àbúrò mi obìnrin ló ní kí n máa ṣe é, mo ní ṣé tàwọn ará Íńdíà yẹn, ó ní ẹ̀n, èèyàn lè ṣe é láì fi bọ nǹkan kan.

Èyí tí wọ́n ń pè ní igi ló fojú mi rí màbo. Wàá fẹsẹ̀ kan dúró, wàá gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kejì ti itan (má gbé e ti orúnkún o), wàá pa ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń gbọ̀n, mo ṣáà ń sọ pé ẹsẹ̀ mi ò lágbára ni. Irọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ṣe é, mò ń wo adìyẹ, mò ń wo aṣọ tí mo sá, mò ń yọjú wo fóònù bóyá kọ́sítọ́mà pè, ibi tójú bá sì yà sí lara ń tẹ̀ sí. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ẹ wá nǹkan tí ò ní kúrò lójú kan kẹ́ ẹ máa wò ó."

Mo rí àpá dúdú kan lára ògiri. Mo tẹjú mọ́ ọn, ara mi balẹ̀, mo ti mí dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, àfi bí àpá ṣe mirí. Aláǹgbá ni! Inú báàfù omi aṣọ ni mo fìdí sọlẹ̀ sí.

Ni mo bá yan ìṣó. Mi ò ranjú mọ́ ọn bí ẹni tó rí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, mo kàn gbójú lé e ni, mo tú eyín tí mo dì pọ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ dúró! Mo tún dánwò pé kí n dijú, kíá ni mo ti fẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀, torí ojú wà lára ohun tó ń gbé èèyàn dúró, òun pẹ̀lú inú etí.

Drishti làwọn tó ni í ń pe ibi téèyàn ń wò yẹn, ti Ashtanga, irú yoga kan, jẹ́ mẹ́sàn-án. Mi ò lè há gbogbo ẹ̀ sórí. Tí mo bá dorí kodò bí ajá tó ń nara, ìdodo ni mò ń wò, tí mo bá na ọwọ́ síwájú sẹ́yìn bíi jagunjagun, orí ìka ọwọ́ iwájú ni, tí mo bá jókòó tí mo tẹ̀ síwájú, ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ti ṣóńṣó imú ń fọ́ mi lórí, mo fi sílẹ̀ fún wọn.

Èémí mẹ́wàá ni mò ń mí lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún báyìí. Tòsì ò tíì kọjá márùn-ún, ìṣó kan náà ni mò ń wò.