Peugeot 504 àtijọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá 504 rà l'Óṣogbo, nọ́ńbà ṣaṣí, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nù ún. Bí nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ bá jìn ju èkejì lọ, tàbí ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yí i padà; ẹ máa lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì Toyota ni wọ́n kì sínú rẹ̀, ẹ wà á dé eré 80 kìlómítà ní wákàtí. Páìpù líle ló so gíáàbọ́ọ̀sì 504 mọ́ dífù (èyí tó ń yí táyà ẹ̀yìn); bí wọn ò bá tò ó gún, ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Bí ẹni tó ń tà á bá ní "wíìlì báláǹsì ni", ẹ̀tàn ni!

Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá bá ìwé mu, ẹ yọ owó àtúnṣe ìwé kúrò nínú iye rẹ̀. Ẹ béèrè ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ náà o, bó tilẹ̀ ti kú.