Kí Ẹ Tó Gé Sípíríǹgì Datsun 240Z Yín: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ìparí ọdún 1969 ni Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ta Datsun 240Z ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 3,500 dọ́là. Títí dòní, ojú àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré àtijọ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bọ́ńẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ kúrú, sìlíńdà mẹ́fà ló sì tò sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ra ọ̀kan tí kò ní wù ú kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Lójú tèmi náà, ó ga jù bó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń bí mi nínú.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gbé gíráńdà bo sípíríǹgì. Kì í pẹ́, kì í náni lówó, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ káàkiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sípíríǹgì tó ní òrùka mẹ́jọ tó ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá gé méjì kúrò, líle rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Ṣọ́ọ̀kì tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, torí náà ọkọ̀ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú títì tí kò dán. Bí ẹ bá tún fi jáàkì gbé e, ẹ ó rí i tí sípíríǹgì náà ń mì nínú ìjókòó rẹ̀, torí pé kò gùn tó mọ́. Ọjọ́ tí táyà bá já sínú kòtò, ó lè má padà jókòó síbi tó yẹ. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ gé e, wẹ́dà ni wọ́n máa ń ní kó fi iná gáàsì jó o títí á fi rọ̀. Irin tí wọ́n jó bẹ́ẹ̀ ti kú. Ẹ má gbà fún wọn.

Bí ẹ bá ra sípíríǹgì kúkúrú tuntun ńkọ́? Ìyẹn dáa jù, àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ṣì gùn bó ṣe gùn. Bí ara ọkọ̀ bá fi ínǹṣì méjì wálẹ̀, inú àyè tí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì fi ń rọ́ wọlé lẹ ti yọ ínǹṣì méjì náà. Kòtò kékeré kan báyìí, ó ti kanlẹ̀ gbà! Ọkọ̀ yìí kan náà ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1971, tó tún gbà á ní 1973, lórí iyẹ̀pẹ̀ àti ẹrọ̀fọ̀. Ká ní táyà rẹ̀ kò ní àyè láti lọ sókè sódò ni, ibi tó ti gbéra ni ìdíje ì bá parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó wálẹ̀ gan-an, kó jẹ́ kí wọ́n gé páìpù tí ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ kúrú, kí wọ́n jó o pọ̀, kí wọ́n sì ki ṣọ́ọ̀kì kúkúrú bọ̀ ọ́. Kí wọ́n fọ ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù kí iná tó kàn án o. Ní tèmi, ínǹṣì kan sí ọ̀kan àbọ̀ ti tó, ẹ ò sì ní nílò gbogbo wàhálà yẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wálẹ̀ jù, orí rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ táyà á ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Òun àti ọ̀pá sítíárìn kò ní máa rìn pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, táyà á sì máa yà fúnra rẹ̀ bó bá ti gun òkìtì, láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ yí nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní táyà ló bàjẹ́, á lọ ra tuntun. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín ìdí ṣọ́ọ̀kì àti apá sítíárìn láti dá igun apá ìsàlẹ̀ náà padà. Òun ni kí ẹ rà. Ẹ má sì gbójú lé ẹni tó ń ṣe aláìmẹ́ńtì pé á bá yín tún gbogbo rẹ̀ ṣe, torí bí táyà iwájú ṣe kọjú síra tàbí yà síta nìkan ni ilé-iṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n lè yí. Táyà ẹ̀yìn tó dà sínú lórí, kò sí ibi tí wọ́n ti máa yí i, àfi tí ẹ bá pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá irin ti so mọ́ ara ọkọ̀, sí irú èyí tó ṣeé yí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí inú táyà á jẹ tán nígbà tí etí ìta ṣì dà bíi tuntun.

Àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ pàápàá máa ń ṣe èyí: wọ́n á de bọ́ọ̀ṣì rọ́bà pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, rọ́bà ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ya. Ẹ dè é díẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó wá dè é pa. Nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì sì rèé, ẹ má tú u láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fún sípíríǹgì pọ̀. Àgbọ̀n ló máa ń fò lọ bá.

Gbogbo èyí, asán ni bí abẹ́ ọkọ̀ bá ti dípẹtà. Ẹ yọ bátìrì, ẹ wo àwo tó jókòó lé, torí ásíìdì máa ń kán gba ibẹ̀ lọ sórí irin gígùn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan àwọn irin abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀: èyí tó le á dún gan-an, èyí tó ti jẹ á dún bù. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn bò ó kì í ṣe ẹ̀rí ìlera.

Lọ́dún 1971, Nissan ta 240ZG ní Japan, tó ní ìbòrí táyà tó yọ síta. Òun ni ọ̀pọ̀ ń fara wé tí wọ́n fi ń gé ara ọkọ̀ kí rímù fífẹ̀ lè wọlé. Irin tó bo táyà ẹ̀yìn kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo o, méjì ló lẹ̀ mọ́ra wọn, ti inú àti ti ìta. Bí páńẹ́lì bítà bá gé e tí kò jó etí méjèèjì pọ̀ padà, omi á máa wọ àárín wọn.

Iná iwájú náà: inú súìṣì tó wà lẹ́bàá sítíárìn ni gbogbo iná mànàmáná rẹ̀ ń gbà kọjá. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè yọ́ ọ. Kí rẹwáyà fi ríléè sí i, ìyẹn súìṣì kékeré tí á máa gbé iná náà dípò ti ẹ̀bá sítíárìn, kẹ́ ẹ tó ra gílóòbù.

Gbogbo ohun tí ẹ bá tú, sípíríǹgì, rímù ínǹṣì mẹ́rìnlá, títí dórí nọ́ọ̀tì, ẹ kọ orúkọ sí i lára kí ẹ kó o sínú àpótí. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n lu ọ̀kan tí wọn ò fọwọ́ kàn ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, 310,000 dọ́là ni wọ́n tà á. Ẹni tó máa ra tiyín lọ́jọ́ kan á bèèrè àpótí yẹn, ẹ má ta á fún onírin àlòkù.