Bí gémù ṣe dẹ́kun fífà lórí dátà fóònù ní Kàbà

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀: kọ̀ǹpútà ń lo hotspot fóònù, fídíò ń ṣí kíá, àmọ́ gémù ń fà, ẹ yìnbọn lu ọ̀tá, kò kú. Má ra dátà kún un. Dátà díẹ̀ ni gémù ń jẹ. Ohun tó ń dà á láàmú ni ping (àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ dé ibì kan tó sì ń padà, tí wọ́n ń fi ms, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, wọ̀n) tó ń fò sókè sódò.

Ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo nọ́ńbà Default Gateway: fóònù yín nìyẹn. Ẹ tẹ ping -n 50 pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákan náà fún 8.8.8.8, àdírẹ́sì Google lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Níbí, láti orí fóònù gan-an ni ó ti ń fò, láti 3 ms dé 200. Wi-Fi tó so fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ ló fà á. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkè kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ fi wáyà USB so wọ́n pọ̀, ẹ tan USB tethering, ẹ pa Wi-Fi. (Wáyà olówó pọ́ọ́kú tó ń gba iná nìkan kò ní ṣiṣẹ́.)

Bí 8.8.8.8 bá ṣì ń fò, ẹ dá update Windows àti Steam dúró. Bí fóònù bá ń já bọ́ sí 3G láàárín àwọn òkè wa, ẹ tẹ *#*#4636#*#* lórí Android, ẹ yan LTE only (4G nìkan). Àwọn fóònù kan kì í gbà. Láìsí VoLTE (ìpè lórí 4G), ìpè ò ní wọlé, nítorí náà ẹ dá a padà lẹ́yìn gémù.

Ping sáfà gémù (kọ̀ǹpútà tí gémù ń bá sọ̀rọ̀) tó wà ní Yúróòpù ò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 100 ms. Ọ̀nà jìn.