Bí A Ṣe Ń Ya Ẹ̀dá Ìtàn Tiwa sí Ẹ̀gbẹ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn

Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ìrísí ẹ̀dá ìtàn yín àti ohun tí ó wá ṣe ní Dùgbẹ̀. Tèmi máa ń dé fìlà, nítorí pé Awòṣífìlà ni ìnagijẹ Ilé Kòkó, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1965: ẹni tí ó bá gbójú sókè wò ó, fìlà rẹ̀ á já bọ́. Bí ó bá ti fọwọ́ kan di fìlà mú, ó ti bá ilé náà tan.

Ìwọ̀n ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àjà 26 ni ilé náà ní, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105, bí ọgọ́ta ènìyàn tí wọ́n dúró léra wọn lórí. Bí ẹ bá yà á ní sẹ̀ǹtímítà 18, ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní ju mìlímítà 3 lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn yín wà nítòsí wa, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ilé wà lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà ojú, ìyẹn ìlà gbọọrọ tí ó bá ojú ẹni tí ń wo àwòrán dọ́gba. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ gba ojú ẹ̀dá ìtàn yín kọjá, kí ó gba ojú gbogbo àgbàlagbà tí ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, títí dé ara ògiri Ilé Kòkó. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í gbà gbọ́ ni pé ìdí ilé náà yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ imú ẹ̀dá ìtàn yín, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta ya fèrèsé, tí ó sì gbé ìdí ilé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà ọmọ tí ó yà. Ọmọ di òmìrán, ilé di páálí. Irú rẹ̀ kò ṣé tún ṣe. Bébà mìíràn ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá sì gbé ẹ̀dá ìtàn yín lọ sórí Òkè Màpó, láàárín àwọn páánù tí ó ti dógùn-ún, ìlà náà yóò gun ara ilé sókè, nítorí pé ibi tí ẹ dúró sí ga.

Òwú ìránṣọ tí mo so mọ́ abẹ́rẹ́ ni mo fi ń darí àwọn ìlà àjà dípò rúlà gígùn, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń pàdé lórí ìlà ojú sábà máa ń bọ́ sórí tábìlì, kọjá etí bébà. Ẹ gún abẹ́rẹ́ mọ́ ibi ìpàdé yẹn, kí ẹ na òwú náà dé igun ilé, kí ẹ fi pẹ́ńsù 2B tọ̀ ọ́.

Kíkùn kò le. Tíì tí ó ki, tí kò ní mílíìkì, bá páánù mu ju àwọ̀ rírà lọ. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, pẹ̀lú àwọ̀ tí ó ṣá díẹ̀, lẹ́yìn náà ènìyàn, kí fìlà gbẹ̀yìn.